Eyín Ìyá Àgbà àti Péálì Àǹtí Sìdíkà

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin Ìyá Àgbà. Aago náà dá mi lójú nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo aago ara ògiri pálọ̀ wa ní Ìkirè ni, tí mò ń ka wákàtí tó kù kí ilẹ̀ ṣú, kí n lè lọ sùn, kí n má baà ronú mọ́. Àǹtí Sìdíkà láti Àpòmù wọlé. Wọ́n kí wa kú ará fẹ́ra kù, wọ́n jókòó, wọ́n tú ìdí ìborùn wọn, wọ́n sì gbé ẹ̀gbà ọrùn funfun kan lé mi lọ́wọ́.

"Ràṣí, àbúrò mi," ni Àǹtí Sìdíkà wí, "jọ̀ọ́, bá mi fi eyín kàn án."

Péálì ni. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, inú ìkarahun nínú òkun ni wọ́n ti ń rí péálì. Tòótọ́ rẹ̀ wọ́n, ayédèrú rẹ̀ sì kún ìgboro. Bí èèyàn bá fi tòótọ́ ra eyín, yóò máa ha á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé iyanrìn kúnná wà lára rẹ̀. Ike ní tirẹ̀ a máa yọ̀ ni. Láti Ìkirè dé Àpòmù, eyín Ìyá Àgbà ni gbogbo obìnrin tó ń kó péálì jọ fi ń dán ọjà wọn wò. Èmi ni Ìyá Àgbà kọ́, ìdí nìyí tí Àǹtí Sìdíkà fi wá bá mi.

Àǹtí Sìdíkà ṣàlàyé ara wọn. Ọkọ wọn, Bùrọ̀dá Wàìdì, tí wọ́n jẹ́ mẹkáníìkì, ti wà nílé láti oṣù mélòó kan nítorí ẹsẹ̀ tó kán. Àǹtí fẹ́ ta péálì náà, kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ ìlọta. Obìnrin kan wà ní Ìbàdàn tó fẹ́ rà á. Obìnrin náà kò mọ péálì, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ Ìyá Àgbà. Ó ní bí ọmọ-ọmọ Alhaja bá ti lè sọ pé iyanrìn ni, ìyẹn pé tòótọ́ ni, òun máa gbà á.

"Bùrọ̀dá yín fúnra wọn ló sọ ọ́," ni Àǹtí wí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n ní, 'Gbé èyí tí mo rà fún ẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó lọ. Òun ló máa gbé wa dìde.'"

Mo fi ra eyín. Ó yọ̀.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ó ṣe rí lára mi, nítorí pé bí n kò bá ṣàlàyé rẹ̀, ẹ lè rò pé ọ̀dájú ni mí. Ẹ̀rù tó bà mí kì í ṣe ti ejò tàbí ti olè. Ó dà bí ẹ̀rù ọmọ ilé ìwé tí wọ́n pè síwájú pátákó, tó mọ ìdáhùn, tó sì mọ̀ pé ìdáhùn náà yóò dójú ti ọ̀rẹ́ òun. Mo ti jáde ní yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, mo ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ìka fi ń ro mí, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ mi ní ohun tí mo lè sọ nírọ̀lẹ́ yẹn.

"Ẹnu mi ò mọ́, Àǹtí," ni mo wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni. Ẹ jẹ́ kó di Ọjọ́ Ajé."

Àǹtí Sìdíkà ní kò burú. Wọ́n fi péálì náà sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi, wọ́n sì lọ. Àmọ́ kì í ṣe eyín mi nìkan ló mọ̀ pé ike ni. Mo ti mọ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ìyá Àgbà ló sọ fún gbogbo ayé pé tòótọ́ ni. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ yìí kó yé èèyàn láìsọ irú ẹni tí Ìyá Àgbà jẹ́.

Orúkọ wọn ni Alhaja Sàfúrátù. Dòdò Ìkirè ni wọ́n ń dín lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Ọwọ́ wọn pupa fún epo, ọrùn wọn funfun fún péálì, àwọn awakọ̀ sì máa ń ti ojú ọ̀nà kí wọn pé, "Alhaja onípéálì, ẹ bá wa dì í!" Ẹni tó bá rí wọn nídìí agbada kò lè gbà pé ọwọ́ yẹn kan náà ló ń fi òwú tó rọ̀ nu ìlẹ̀kẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ pa ìpara, wọ́n á fín lọ́fínńdà, wọ́n á dúró kí gbogbo rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n tó wọ péálì. "Òun ló ń wọlé kẹ́yìn bí ọba," ni wọ́n máa ń sọ, "òun ló sì ń kọ́kọ́ jáde."

Ṣùgbọ́n wọn kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èrò ọkọ̀ kan tó sọ̀ kalẹ̀ ra dòdò ló ta àkọ́kọ́ fún wọn. Ọkùnrin náà ní Mẹ́kà ni òun ti mú un bọ̀. Ìyá Àgbà kò tíì dé Mẹ́kà nígbà náà, orúkọ ìlú náà nìkan sì ti tó láti pa ojú wọn dé. Wọ́n gbé e sọ́rùn lójú ẹsẹ̀, wọ́n padà sídìí agbada. Bí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ epo tó ń hó, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń bá ọrùn wọn. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, péálì ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Okùn já, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta kó sínú epo. Kò sí èyí tó rì nínú wọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léfòó, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ́. Ìyá Àgbà da gbogbo epo náà nù pẹ̀lú dòdò inú rẹ̀. Àwọn èrò tó ti ń dúró bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará," ni Ìyá Àgbà wí fún wọn. "Péálì ni mo dín lónìí. Ẹ padà wá lọ́la."

Ìyókù ìlẹ̀kẹ̀ náà lẹ̀ mọ́ra bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì kan títí wọ́n fi kú. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí wọn kò jù ú nù, ṣé kò ń bí wọn nínú ni. Ìyá Àgbà ní, "Bí ọjà bá yọ́ níwájú iná, a kì í bínú sí iná."

Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn ìrun, ni àwọn mẹ́ta máa ń pàdé, oṣù yìí ní Ìkirè, oṣù tó ń bọ̀ ní Àpòmù. Ìyá Àgbà ni èkíní. Èkejì ni Alhaja Múníràtù, ẹgbẹ́ wọn láti kékeré, tí à ń pè ní Ìyá Àpòmù. Ẹ̀kẹta ni Ìyá Dèbó, aránṣọ, ọmọ ìjọ Aládùúrà, tí ọjọ́ orí wọn kéré sí ti àwọn méjèèjì. Wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á kó ẹrù sílẹ̀ kí wọ́n máa wò ó. Ṣùgbọ́n òfin kan wà. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé èyí tó dára jáde, yóò kọ́kọ́ gbé èyí tó kọ́kọ́ rà sórí ẹní, yóò sì sọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì gbé ìtìjú tirẹ̀ sílẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ti ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ sọ ti àgbò," ni Ìyá Dèbó máa ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti gbọ́ ọ títí.

"Ìwọ kọ́kọ́ sọ ti bọ́tìnnì," ni Ìyá Àpòmù yóò dáhùn.

Ìyá Dèbó á wá fi ọwọ́ bojú. Ìbàdàn ni wọ́n ti ra tiwọn, wọ́n sì wọ̀ ọ́ lọ sí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kúnlẹ̀, àdúrà ń lọ lọ́wọ́, obìnrin tó wà lẹ́yìn wọn bá rọra fọwọ́ kàn wọ́n ní èjìká. Wọ́n rò pé ẹ̀mí ló bà lé e. Obìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, níbo lẹ ti ra bọ́tìnnì yẹn? Mẹ́fà péré ló kù sí búláòsì mi."

"Aránṣọ!" ni Ìyá Àgbà á figbe ta. "Aránṣọ tí ò mọ bọ́tìnnì!"

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dín tiyín ńkọ́?"

Ti Ìyá Àpòmù ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù, nítorí pé ohun tí wọ́n rà dára. Péálì tòótọ́ ni wọ́n rà, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ti Mẹ́kà dé. Wọ́n kàn fẹ́ kó mọ́ sí i ni. Wọ́n bá rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bí gbogbo ilé ti ń ṣe fún ohun èlò idẹ. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé ọ̀tá péálì ni ohun kíkan. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ jáde, dídán rẹ̀ ti lọ, ó dà bí ẹfun. Wọ́n lọgun pé wọ́n ti rẹ́ àwọn jẹ. Inú bí wọn, wọ́n sì so ó mọ́ ọrùn àgbò Iléyá tó wà níwájú ilé.

Ìyá Àgbà wá kí wọn lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí àgbò, wọ́n dúró. Wọ́n di ẹran mú ní ìwo, wọ́n sì fi eyín kan péálì náà láìtú u kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé, "Ẹ gbà wá o! Alhaja ń bu àgbò jẹ láàyè!"

"Múní!" ni Ìyá Àgbà pariwo, irun àgbò lẹ́nu wọn. "Òótọ́ ni nǹkan yìí! Ìwọ lo fi ọsàn pa á!"

Lẹ́yìn ẹ̀rín, ohùn Ìyá Àgbà máa ń rẹlẹ̀. Wọ́n á gbé ìlẹ̀kẹ̀ tó ti di ẹfun náà sí àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ wò ó," ni wọ́n á wí, "kì í ṣe gbogbo ohun tó dára ló ń fara da fífọ̀."

Mo jẹ wọ́n ní ọpẹ́ tí n kò lè sọ tán. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, mo fìdí rẹmi. Mo dùbúlẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo kojú sí ògiri. Bàbá mi ń sọ̀rọ̀, ìyá mi ń bẹ̀ mí. Ìyá Àgbà kò bẹ̀ mí. Wọ́n gbé agolo bisikíìtì wọn wá, wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ra yẹn lé mi láyà, ó tutù, mo sì dìde jókòó láìmọ̀. N kò tíì bá ẹnikẹ́ni pàdé tó lè tu èèyàn nínú láìṣe bí ẹni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Mo rò pé ohun tí mò ń dúpẹ́ fún gan-an nìyẹn. Wọn kò sọ pé n kò kùnà. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ra ayédèrú lẹ́ẹ̀kan ti ra ojú."

Kì í ṣe pé wọ́n rọrùn. Wọ́n máa ń bá awakọ̀ jà bí ó bá fi eruku bo dòdò wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n dán péálì wò nínú oṣù Ààwẹ̀, wọ́n á lé e padà. Wọn kì í fi eyín kan ohun tó wà lọ́rùn obìnrin láìjẹ́ pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ gbà. Àwọn èèyàn á ní, "Alhaja, ẹ bá wa wo ti lágbájá, a ò gbà á gbọ́." Wọ́n á ní, "Ṣé ìwọ lo ni ọrùn ni?"

Ó wá kan ọjọ́ ìgbéyàwó Àǹtí Sìdíkà ní Àpòmù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo jókòó sẹ́yìn Ìyá Àgbà. Ìyàwó jáde pẹ̀lú péálì lọ́rùn, Bùrọ̀dá Wàìdì sì ń yan bí akọ àdìyẹ. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

"Wàìdì tí ò rówó ra bàtà!" ni ó wí sókè. "Péálì kẹ̀? Ike ni! Alhaja kúkú wà níbí. Ẹ bá wa fi eyín kàn án!"

Àwọn tó ń bu ìrẹsì dáwọ́ dúró. Mo wo Bùrọ̀dá Wàìdì, mo sì rí i pé ẹ̀rù kò bà wọ́n rárá. Ó dá wọn lójú pé tòótọ́ ni àwọn rà. Títí dòní, ibẹ̀ yẹn ló máa ń dùn mí jù.

Ìyá Àgbà kojú sí ìyàwó. "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kí n kàn án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni Àǹtí Sìdíkà dáhùn, nítorí pé wọ́n gba ọkọ wọn gbọ́.

Ìyá Àgbà bèèrè omi. Wọ́n fi ṣan ẹnu wọn, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ra eyín, wọ́n dijú.

"Iyanrìn ni," ni wọ́n wí.

Ariwo ayọ̀ sọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà fúnra rẹ̀ fò mọ́ àbúrò rẹ̀, "Wàìdì, o ga o!" Àǹtí Sìdíkà sunkún. Nígbà tí a wọ ọkọ̀ padà, mo bi Ìyá Àgbà pé ṣé ó ha eyín wọn lóòótọ́.

"Ó ha mí, Ràṣí," ni wọ́n wí. "Àmọ́ kì í ṣe eyín ló ha."

Ìyá Àpòmù kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Wọ́n wà lára àwọn tó wọṣọ fún ìyàwó, ọwọ́ wọn sì ti kan péálì náà. Wọ́n wá sí Ìkirè lọ́jọ́ kejì, wọn kò tilẹ̀ jókòó.

"Sàfú, o ti ba eyín rẹ jẹ́!"

"Eyín mi ni."

"Kì í ṣe tìẹ mọ́! Tiwa ni! Kí ló dé tí o ò sọ pé ẹnu rẹ ò mọ́?"

"Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á mọ̀. Múní, ìwọ fúnra rẹ, ṣé wàá gba ayọ̀ ọmọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ará ilé ọkọ?"

"N ó sọ òótọ́!"

Odindi oṣù mẹ́ta ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọn kò pa Jímọ̀ kan jẹ o, àmọ́ nípasẹ̀ mi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, lórí ẹní kan náà. "Ràṣí, sọ fún Alhaja pé kó sún díẹ̀." "Ràṣí, sọ fún Alhaja pé mo ti sún." Ìyá Dèbó á máa rẹ́rìn-ín sínú ìborùn. Níkẹyìn, Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rọ̀. Wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ tó yọ́ sórí ẹní bí òfin ti wí, wọ́n sì ní, "Mo purọ́. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Lọ́jọ́ tí ilé ọmọ yẹn bá fìdí múlẹ̀ tó fi lè rẹ́rìn-ín sí i, èmi fúnra mi ni n ó sọ fún un."

Wọn kò sọ ọ́. Bí ọmọ ti ń dé tẹ̀lé ọmọ ní ilé Àǹtí Sìdíkà, Ìyá Àgbà ń sọ pé ó ku díẹ̀. Àìsàn wá dé. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí: iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, ní ìgbà tí ilé náà kò fìdí múlẹ̀ rárá.

Lánàá, mo lọ bá Ìyá Àpòmù. Ojú wọn ṣì wú fún ẹkún ọ̀rẹ́ wọn. "Sọ fún un kí Ìbàdàn tó sọ fún un," ni wọ́n wí. Ìyá Dèbó ní kí n mú sùúrù, kí ẹsẹ̀ ọkọ kọ́kọ́ san, nítorí pé ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ kì í fara da irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn Ìyá Àgbà, ohun tí wọ́n sọ kò sì bára mu.

Mo ti pinnu ohun kan. N kò ní sọ pé iyanrìn ni. Nígbà tí Ìyá Àgbà sọ ọ́, kò sí ẹni tó pàdánù ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, obìnrin kan ní Ìbàdàn ni yóò jẹ ìyà rẹ̀, orúkọ Ìyá Àgbà ni n ó sì fi lù ú ní jìbìtì. N kò bínú sí wọn. Mo fẹ́ kí èyí yé yín dáadáa: n kò bínú sí wọn rárá. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni ìyàwó yẹn, n ó máa dúpẹ́ fún irọ́ náà títí dòní.

Ìyókù ni n kò mọ̀. Ìyá Àgbà fi péálì tòótọ́ kan sílẹ̀ fún mi. Mo ń rò ó pé kí n fún Àǹtí Sìdíkà ní gbangba, kí wọ́n tà á, kí wọ́n ra ẹ̀rọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè dà bíi pé mò ń fi ẹ̀bùn pa wọ́n lẹ́nu mọ́, tàbí pé mò ń fi han Bùrọ̀dá Wàìdì pé ohun tí àwọn kò lè rà ni èmi ń fi tọrẹ. Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún ọkọ ni, nítorí pé òun ni wọ́n rẹ́ jẹ? Tàbí aya, nítorí pé òun ló bi mí léèrè?

Ọ̀la ni Ọjọ́ Ajé. Péálì Àǹtí Sìdíkà wà lórí tábìlì níwájú mi, mo fi òwú tó rọ̀ nù ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin obìnrin tí wọ́n ti fi ìfẹ́ ra nǹkan fún rí, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ máa wọlé tọ̀ mí wá lọ́la, tí ẹ jókòó, tí ẹ ń wo ẹnu mi, gbólóhùn wo ni ẹ máa fẹ́ kí n fi bẹ̀rẹ̀?